Kám̀pù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pè Ní Ìlú Rẹ̀

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì fún àbúrò mi obìnrin. Ó ti yege ìdánwò, wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n ti wọn gíga rẹ̀, wọ́n sì ti wo eyín rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin. Ohun kan ló kù: ìwé láti ìjọba ìbílẹ̀ tí yóò sọ pé ọmọ ìlú báyìí ni, ní ìpínlẹ̀ Plateau níbí. Ìwé ìpínlẹ̀ mìíràn kò wúlò, nítorí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn ti kún. Bí ìwé náà kò bá dé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọn yóò fi ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Akọ̀ròyìn ni mí nígbà náà ní Jos. Mo mọ ọ̀nà ọ́fíìsì, mo mọ bí a ṣe ń kí mẹ́séńjà kó tó jẹ́ kí ènìyàn rí ọ̀gá. Mo sọ fún àbúrò mi pé, "Fi í sílẹ̀ fún mi. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ìwé á ti wà lọ́wọ́ ẹ." Ẹnu mi ti kó bá mi lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó dùn mí tó ìyẹn.

Ibi tí wọ́n bí wa sí ni ìṣòro náà. Kám̀pù ni tẹrú-tọmọ ń pè é. Ilé iṣẹ́ ìwakùsà kan ló tẹ̀ ẹ́ dó láyé òyìnbó, lẹ́yìn odi Jos, láàárín àwọn òkìtì iyẹ̀pẹ̀ pupa àti àwọn adágún omi tí ẹ̀rọ ìwakùsà gbẹ́ sílẹ̀. Kùsà ni iyẹ̀pẹ̀ dúdú kan tó wúwo bí òjé, tí wọ́n ń wà níbẹ̀. Bàbá mi ni akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ Ọ̀fà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé e wá, kò sì sun oṣù mẹ́ta tẹ̀ léra ní Ọ̀fà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kí àwọn òyìnbó tó lọ, Kám̀pù ti di ìlú. A ní ọjà, a ní ilé ẹ̀kọ́, a ní ilé ìwòsàn tí bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, orí bẹ́ẹ̀dì yẹn sì ni wọ́n bí èmi àti àbúrò mi sí. A ní ẹ̀rọ omi tó ní kọ́kọ́rọ́, a ní wolé-wolé tó ń gun kẹ̀kẹ́, tí àwọn ìyàwó ilé ń sá fún. A ní itẹ́ òkú tí wọ́n fi igi oró ṣe ọgbà yí ká. Ìgbìmọ̀ àgbà méje ń jókòó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń parí ìjà ọkọ àti aya, wọ́n ń pinnu ibi tí gọ́tà yóò gbà. Bàbá mi ni alága wọn fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn Hausa ń pè é ní Baba Akawu, ìyẹn Bàbá Akọ̀wé.

Nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba tún ààlà àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pín. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló bá wa pààlà. Mo máa pe ọ̀kan ní Apá Òkè, kí n pe èkejì ní Apá Ìsàlẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ wàhálà. Wọ́n gé Kám̀pù sí méjì. Apá Òkè mú ọjà àti ilé ìwòsàn, Apá Ìsàlẹ̀ mú ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀rọ omi. Gọ́tà ńlá tí ìgbìmọ̀ wa fúnra wọn gbẹ́ ló di ààlà. Wọ́n yọ pátákó orúkọ wa kúrò lójú títì. Wọ́n sọ ilé ìgbìmọ̀ di ibi tí wọ́n ń kó ajílẹ̀ sí, òórùn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ènìyàn gba iwájú ibẹ̀ kọjá láìfọwọ́ bomú. Ìyá mi, tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kó kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí gúúsù, sọ nígbà náà pé, "Wọ́n pín wa bí ẹran iléyá, àwa tá a ni àgbò ò sì sí níbẹ̀."

Òun kò mọ̀ pé àwa tá a ni àgbò wà níbẹ̀ dáadáa. Kò yé èmi náà títí di ọ̀rọ̀ ìwé àbúrò mi.

Apá Òkè la kọ́kọ́ lọ. Hausa la fi sọ gbogbo rẹ̀, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe ní Jos. Akọ̀wé tó dá wa lóhùn kò ju àbúrò mi lọ.

"Ilé ẹ̀kọ́ wo lo lọ?" ló bi í.

"Ti Kám̀pù."

"Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti di ti Apá Ìsàlẹ̀. Lọ bá wọn."

A lọ bá wọn. Ọkùnrin mẹ́ta wà nínú yàrá náà, wọ́n ń mu tíì. Ọ̀kan béèrè pé, "Níbo lo máa ń sùn?"

Àbúrò mi ní, "Nínú yàrá wa."

Ó wo máàpù ara ògiri. Gọ́tà ńlá náà gba àárín àgbàlá wa kọjá, ó ya ilé kúrò lára ilé ìdáná. Ó ní, "Yàrá yín wà ní Apá Òkè."

"Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń se oúnjẹ wà lọ́dọ̀ yín."

Inú wọn dùn sí èyí. Ọ̀kan gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó ní, "To, ó dáa, a ó fún ikùn rẹ̀ ní ìwé. Kí orí rẹ̀ lọ gba tirẹ̀ lọ́hùn-ún."

Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì nìyẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, a ti lọ síbi méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì mọ́.

Ní ọjọ́ keje, akọ̀wé àgbà Apá Ìsàlẹ̀, bàbá kan tó máa ń ka ìwé ìròyìn wa, pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé fáìlì kan tí eruku ti bò jáde, ó fẹ́ ẹ. "O jẹ́ akọ̀ròyìn," ló wí, "kà á fúnra ẹ, kó o má baà sọ pé a fi ìkà ṣe yín."

Ìwé ìwádìí ni. Kí wọ́n tó pín Kám̀pù, ìjọba rán ènìyàn mẹ́ta wá láti mọ̀ bóyá ìlú ni tàbí ibùdó òṣìṣẹ́ lásán. Ìlú tó bá ní onílùú kò ṣe é gé sí méjì. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ wa, ìbéèrè méjì péré ni wọ́n sì bi àgbà mẹ́rin: Ibo ni ìlú rẹ? Bó o bá kú, ibo ni wọ́n máa sin ọ́ sí?

Mo da ohun tí mo kà níbẹ̀ kọ. Mo ṣì ní i.

Oníṣòwò aṣọ kan: "Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìlú mi. Mo ti kọ́lé síbẹ̀, ó ti dé òrùlé. Ọwọ́ ọ̀tún ẹnu ọ̀nà ni ibojì mi wà."

Alùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa: "Ìlọrin. Kò sí ibòmíràn."

Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Bírọ́ọ̀mù, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ Plateau: "Abúlé mi wà lẹ́yìn òkè. Ibí yìí, ti òyìnbó ni."

Alága ìgbìmọ̀, bàbá mi: "Ọ̀fà ni mo ti wá. Iṣẹ́ ló gbé wa débí. Àlejò ni wá, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbà wá. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, àwọn ọmọ mi á gbé mi relé."

Àwọn mẹ́ta tí ìjọba rán wá kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sí ìsàlẹ̀: Kám̀pù kò ní ọmọ ìlú. Ẹ pín in bó ṣe rọrùn.

Akọ̀wé àgbà gba fáìlì lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe àwa la pa ìlú yín. Àwọn bàbá yín ló sọ pé kò sí."

Ohun tó le jù fún mi nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí: kò sí Yorùbá kan nínú Kám̀pù tí ì bá dáhùn lọ́nà mìíràn. Bí wọ́n bá bi wá léèrè ìlú wa, ìlú bàbá wa là ń dárúkọ, bí a kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó bá pe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú rẹ̀, ó ti sọnù sí àjò nìyẹn, wọ́n á máa fi sọ̀rọ̀ nílé. Bí a bá sì wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ìwà ọmọlúwàbí ni kí a sọ pé àlejò ni wá. Ẹ̀kọ́ ilé ni bàbá mi fi dá ìjọba lóhùn. Ìjọba sì kọ ẹ̀kọ́ ilé náà sílẹ̀ bí ẹ̀rí.

Èmi náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Ilé iṣẹ́ wa ló rán mi. Mo gbọ́ gbogbo ìdáhùn wọn létí ara mi, orí mi wú, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn àgbà Kám̀pù kò gbàgbé orísun wọn. Kò sọ sí mi lọ́kàn láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe. Ìbéèrè tí akọ̀ròyìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi nìyẹn.

Akọ̀wé àgbà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fi ọ̀nà kan hàn wá. Ó ní bí ẹnì kan nínú àwọn tó jẹ́rìí lọ́jọ́ náà bá lè búra ní kóòtù pé Kám̀pù ni ìlú òun, pé òun kò ní ìlú mìíràn, òun yóò fọwọ́ sí ìwé ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yìí nìkan," ló wí. "Òun nìkan ló lè yí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà."

A délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yá oòrùn nítorí ọyẹ́. Àbúrò mi kò jókòó.

"Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ sọ fún wọn pé àlejò ni wá?"

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìwádìí."

"Kí ni wọ́n fẹ́ kí n sọ? Ọ̀fà ni mo ti wá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀."

"Haba, Bàbá! Ẹ̀yin lẹ ti Ọ̀fà wá. Èmi ńkọ́? Níbo ni mo ti wá tí mo fi dàlejò? Ta ló gbà mí lálejò?"

"Má jágbe mọ́ mi."

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìbúra náà fún un. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó wá ní, "Kí n lọ sí kóòtù, kí n gbé ọwọ́ sókè, kí n ní mi ò ní Ọ̀fà? Pẹ̀lú orí ewú yìí? Kí n sẹ́ baba tó bí mi nítorí fọ́ọ̀mù?"

Ìyá mi ti ilé ìdáná ré gọ́tà kọjá, ó ti Apá Ìsàlẹ̀ bọ́ sí Apá Òkè pẹ̀lú ìpọnkọ lọ́wọ́. Ó ní, "Baba wọn, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ sẹ́ baba yín. Ọmọ yín ni kẹ́ ẹ má sẹ́."

Bàbá mi dìde, ó wọlé, ó tan rédíò.

Àbúrò mi lọ bá alùfáà ní ọjọ́ kẹjọ. Oníṣòwò aṣọ ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, àgbẹ̀ Bírọ́ọ̀mù náà sì ti kú. Alùfáà gbà á tayọ̀tayọ̀, ó fún un ní dàbínù. Èmi ni mo bá a lọ, mo sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́: "Ọmọ mi, èmi ni mo sọ ẹ́ lórúkọ, mo mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ. Bó bá jẹ́ kí n búra pé o jẹ́ ọmọ Kám̀pù, mo ti búra tán. Ṣùgbọ́n kí n di Kùránì mú, kí n ní mi ò ní Ìlọrin! Àwọn àgbà tó wà nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún á dìde jókòó." Ó ṣe àdúrà gígùn fún un. Àbúrò mi ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, ó kí i pé ó ṣeun. Nígbà tá a jáde, ó da dàbínù náà fún àwọn ewúrẹ́.

Ọjọ́ kọkànlá, ìyá mi kò bá wa sọ ohunkóhun. Ó fi apẹ̀rẹ̀ kábéèjì rẹ̀ sílẹ̀ ní réluwéè, ó gba ọ́fíìsì Apá Ìsàlẹ̀ lọ tòun ti eruku lẹ́sẹ̀. Akọ̀wé àgbà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ó ní obìnrin náà dúró sí iwájú tábìlì òun, kò sì gba àga. Ó ní, "Ẹ kọ orúkọ mi sínú ìwé yín. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí ní Kám̀pù. Méjì ń bẹ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, lẹ́yìn igi oró. Èmi ni onílùú. Ẹ wá fún ọmọ mi níwèé."

Akọ̀wé àgbà ní, "Mama, orúkọ yín kò sí lára àwọn tó jẹ́rìí."

"Ta ló bi mí léèrè?"

"Àwọn ọkùnrin ni wọ́n bi."

"Ṣé àwọn ọkùnrin ló ń bímọ síbẹ̀ ni? Mo ti dé báyìí. Ẹ bi mí."

 Akọ̀wé àgbà ní òun kàn pa fáìlì náà dé. Ìyá mi tún dúró díẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà lórí fáìlì, lẹ́yìn náà ló jáde lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn dé etí bàbá mi, òun ni mo rò pé ó gbé e dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá ó wọ aṣọ funfun, ó dé fìlà, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ." Àwa mẹ́ta la wọ takisí. A gba àdúgbò Jenta Adamu kọjá. Àbúrò mi gbé fáìlì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé atẹ́gùn fẹ́ gbé e lọ.

Ọmọkùnrin kan ló ń tẹ ìwé ìbúra níwájú kóòtù, lábẹ́ igi. Bàbá mi, akọ̀wé títí dé egungun, tọ́ àṣìtẹ̀ méjì sọ́nà fún un. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo rí ìyẹn. Wọ́n mú wa wọ yàrá kan, akọ̀wé kóòtù ní kí bàbá mi kà á sókè kó tó fọwọ́ sí i. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Ó ka orúkọ rẹ̀. Ó ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ó kà á pé ọmọ ìlú Kám̀pù lòun. Ó dé ibi tí wọ́n kọ "tí n kò sì ní ìlú mìíràn" sí, ó gbé ojú sókè.

"Ẹ máa kà á lọ, Baba," ni akọ̀wé wí.

"Ẹ kọ ọ́ pé méjì ni mo ní."

"Baba, ìlà kan ló wà fún ìlú."

"Ẹ fa ìlà mìíràn sí i. Kí lẹ wá ń fi rúlà ṣe?"

"Òfin kò mọ méjì. Ọkùnrin kan, ìlú kan."

"Òfin yìí kan náà ló gbà fún ọkùnrin kan láti fẹ́ ìyàwó mẹ́rin!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, àfi àwa mẹ́ta. Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ìwé lásán ni. Ọ̀fà ò ní í gbọ́."

Ó wò mí. "Èmi ò ní í gbọ́ ọ?"

Ó di bírò mú, ó pẹ́. Mo rí i tí ó gbé e lé orí ìwé náà, mo rí àmì tádàwà tó fi síbẹ̀. Mo sì rí i tí ó gbé bírò náà sílẹ̀, tó yọ awò ojú rẹ̀, tó ń fi etí agbádá rẹ̀ nù ún, tó ń nù ún ṣáá. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, àbúrò mi ti jáde.

Ipò rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo kọ ìròyìn gígùn kan nípa Kám̀pù, nípa gọ́tà, nípa ìbéèrè méjì náà. Olóòtú mi dá a padà. Ó ní kò sí ìròyìn níbẹ̀, pé ìlú tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́ kì í ṣe ìròyìn.

Àbúrò mi ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn ní Jenta Adamu. Kò bínú síta, kò kó jáde nílé. Ohun kan ló yí padà. Láti ọjọ́ kóòtù, kò sọ Yorùbá sí bàbá wa mọ́. Hausa ló fi ń kí i láàárọ̀, Hausa ló fi ń pè é wá jẹun. Bàbá wa kọ́kọ́ bá a wí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ń fi Yorùbá dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ wọn sì ń lọ bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn méjì tó dúró sí bèbè odò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí àìsàn dá bàbá wa wó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àbúrò mi ló tọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó ń gún un lábẹ́rẹ́. "Baba, sha magani," ni yóò wí, kó mu oògùn. Bàbá wa á ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Bàbá wa kú nínú ọyẹ́. A ṣe bó ṣe wí, a gbé e relé. Ọkọ̀ ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà, pósí ti wà nínú rẹ̀, ìyá mi ti jókòó síwájú. Àbúrò mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, kò di ẹrù kankan. Mo sọ fún un pé kó wọ ọkọ̀, ká lọ sin bàbá wa.

Ó fi Hausa dá mi lóhùn. Ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún.

Mo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, a sì lọ.